SÍTÁTÀ TUNTUN, ARIWO TUNTUN: Ẹ BÉÈRÈ ÌGBÀ TÍ Ó Ń KÉ KÍ Ẹ TÓ RA ÒMÍRÀN

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

  

Ní oṣù yìí, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n jẹ ẹgbẹ́ lówó tí wọn kò tíì san. Ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀ ní ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ sítátà, èyí tí àwọn mekáníìkì wa ń pè ní kick starter. Ẹ má ṣe sọ pé kí ló kan Akọ̀wé nínú ọ̀rọ̀ sítátà. Ọwọ́ mi ni ìwé ẹ̀yáwó pàjáwìrì ń gbà kọjá, mo sì ń rí i pé àtúnṣe ọkọ̀ ń jẹ owó tí ó yẹ kí ó wọ inú ọjà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ń pa ẹ́ńjìnì nínú gósílóò kí epo má baà jó dànù, wọn á sì tún ṣáná sí i nígbà tí ọ̀nà bá là. Láti Oṣòdì dé Ìsọlọ̀ nìkan, ẹlòmíràn lè ṣáná nígbà mẹ́fà, mẹ́jọ. Sítátà tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ ti wá di alágbàṣe.

Nítorí náà, sítátà ń kú. Bí ó bá kú, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ibi tí ìjà wà ni pé a ó pààrọ̀ rẹ̀ tán, èyí tuntun yóò máa han bí ẹni ń lọ irin, wọn yóò sì ní kí á lọ ra òmíràn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí á dúró sí lónìí.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ÌYÁ WA KAN

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ń ta aṣọ ní ọjà Aswani. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìsọlọ̀ dáadáa mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà náà máa ń kún. Peugeot 504 onígíà ọwọ́, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ni ìyá náà fi ń kó ẹrù. Sítátà ọkọ̀ náà kú, ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, wọ́n bá a ra òmíràn, wọ́n sì dè é. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń ké gàààrà bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́. Awakọ̀ rẹ̀ ní, "Màmá, tuntun ni, ó máa tó mọ́ra."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà á bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n di ẹrù tán, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, sítátà ń yí fììì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò mira. Ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́ bá ẹrù nínú ọkọ̀ lójúlé rẹ̀. Kí ó tó rí ọkọ̀ háyà, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ra ọjà níwájú ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó padà wá sí ọ́fíìsì wa, ohun tí wọ́n bá a kọ sínú ìwé ẹ̀yáwó ni pé "láti ra sítátà". Mo wò ó títí. Mo ní, "Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó ni a ó ra sítátà kan ṣoṣo?" Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ má bi mí. Ẹni tó ń tún un ló ní kí n ra òmíràn."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ wò ó. Nígbà tí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n rí i pé eyín tó yí flywheel ká ti jẹ tán ní ibi méjì tí ó dojú kọ ara wọn. Bí a bá ra sítátà mẹ́wàá sí ọkọ̀ náà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò máa yí lófo. Owó tí a yá a nígbà kejì, orí eyín flywheel ni ó lọ, kì í ṣe orí sítátà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yẹ ariwo yẹn wò ní ọjọ́ kìn-ín-ní, bóyá eyín náà ì bá má jẹ tó bẹ́ẹ̀.

ÈMI NÁÀ KÒ GBỌ́N JÙ WỌ́N LỌ

N kò lè fi ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé irú rẹ̀ ti ṣe èmi náà rí. Mo ní Toyota Camry kan tí ó dàgbà ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Mo pààrọ̀ sítátà rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣáná sí i, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi yọjú. Mekáníìkì mi ní, "Ọ̀gá, ọjà tí wọ́n tà fún yín ni kò dáa." Mo gbéra, mo padà lọ bá ẹni tí ó tà á fún mi, mo bá a jà. Ó ní ṣebí ojú mi ni òun ti fi bátìrì dán an wò, tí kò ké. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mo fi èyí tí mo rà sílẹ̀ ní ìdajì owó, mo fi owó lé e, mo gbé òmíràn. A dè é. Ariwo kan náà!

Bàbá kan tí ó ń ṣe rìwáyà ní Ìsọlọ̀ ni ó gbà mí. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bàbá náà kò mú sìpánà dání. Ó kàn ní, "Yí i." Mo yí i. "Fi sílẹ̀. Tún yí i." Ó wá bi mí pé, "Ṣé kí ẹ́ńjìnì tó gbá ni ó ń ké, àbí ìgbà tí ó ń yí lọ́wọ́, àbí lẹ́yìn tí o bá ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀?" Ẹ gbà mí gbọ́, n kò lè dáhùn. Mo ti ra sítátà méjì, mo ti bá ènìyàn jà, n kò sì mọ ìgbà tí ohun tí mo ń torí rẹ̀ jà ń ké.

Nígbà tí ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ohun méjì ni ó rí. Bóòtù méjì ni ó so sítátà náà mọ́ ara ọkọ̀, ọ̀kan kò le. Èkejì ni pé níbi tí sítátà ti ń jókòó, ẹrẹ̀ àtijọ́ àti ìpẹtà ti di bárakú níbẹ̀, kò jẹ́ kí ojú irin kan irin. Sítátà náà jókòó ní wíwọ́ díẹ̀. Ìwọ́ náà kò ju bí ìwé pẹlẹbẹ lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí eyín kọ eyín. Bàbá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibẹ̀ mọ́, ó wá bóòtù tí ó bá ihò mu, ó dè é le. Ariwo tán. Owó tí mo san fún un kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí mo ti ná. Sítátà àkọ́kọ́ tí mo gbé jù sílẹ̀ ní ìdajì owó kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wéra. Ariwo kan náà ni lọ́dọ̀ ìyá wa àti lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan jẹ́ ti eyín tó jẹ, èkejì jẹ́ ti ìdọ̀tí àti bóòtù. Kò sí èyí tí sítátà mìíràn lè wò sàn nínú méjèèjì.

KÍ NI SÍTÁTÀ Ń ṢE GAN-AN?

Kí a tó lè gbọ́ èdè rẹ̀, ó yẹ kí á mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà àwọn bàbá wa, irin kan ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń kì bọ iwájú lọ́rì láti fi yí ẹ́ńjìnì. Bí ẹ́ńjìnì bá ta padà lójijì, irin náà lè ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ní ọdún 1911 ni Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ṣe sítátà oníná tí ó ṣeé lò dáadáa, ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ni ó sì kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà. Bendix tí àwọn ọmọ Ládípọ̀ ń pè lójoojúmọ́, orúkọ ènìyàn ni, orúkọ Vincent Bendix, ará Amẹ́ríkà bákan náà.

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ yóò lọ sí solenoid, ìyẹn agolo kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ sítátà. Iṣẹ́ méjì ni solenoid ń ṣe. Yóò kọ́kọ́ ti gíà kékeré ti Bendix síwájú kí eyín rẹ̀ lè wọ inú eyín tó yí flywheel ká. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá láti inú bátìrì kí sítátà lè yí. Iná yìí lè ju 100 ámpù lọ, ìdí nìyẹn tí wáyà rẹ̀ fi sanra. Eyín gíà kékeré náà kì í sábà ju bí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lọ, nígbà tí ti flywheel máa ń ju ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí túmọ̀ sí pé kékeré yóò yí ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbá, Bendix gbọ́dọ̀ tú ara rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, kí sípíríǹgì sì fà á padà sílé.

Wíwọlé, yíyí, àti jíjáde: ohun mẹ́ta nìyẹn, láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìdí nìyẹn tí bàbá onírìwáyà fi bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta.

ARIWO KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI OHUN TÍ Ó Ń WÍ

Bí ó bá dún "tọ́" lẹ́ẹ̀kan tí kò yí, tàbí "tọ́-tọ́-tọ́-tọ́" bí ìlù, ẹ má tíì fọwọ́ kan sítátà. Bátìrì àti wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì ti sinmi, máa ń ní nǹkan bíi fóòtì 12.6. Bí ó bá ti wálẹ̀ sí 12.2, ó ti lo bí ìdajì agbára rẹ̀. Bí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí ó sì já sí abẹ́ 9.6, bátìrì náà kò lágbára mọ́, tàbí kí ohun kan máa fa iná jù. Ẹ fọ orí bátìrì mọ́, kí ẹ sì wo wáyà tí ó so ẹ́ńjìnì mọ́ ara ọkọ̀. Iná tí kò tó lè mú kí Bendix máa wọlé máa jáde láì di eyín mú, kí ó sì máa jẹ eyín náà.

Bí sítátà bá ń yí fììì tí ẹ́ńjìnì kò mira, iná kò jẹ́ ẹjọ́ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé Bendix kò jáde síta, tàbí pé ibi tí ó ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ ti ń yọ̀, tàbí kí eyín flywheel ti tán níbi tí ó fẹ́ bù.

Bí ó bá ké gàààrà ní kété tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, eyín ń kọ eyín nìyẹn. Ẹ wo bóòtù, ẹ wo ojú ibi tí sítátà jókòó, ẹ wo eyín flywheel, kí ẹ sì tún bi ara yín pé ṣé sítátà ọkọ̀ yìí gan-an ni a rà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níhìn-ín. Ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́rin kì í dúró síbi tí ó bá ṣáà wù ú bí a bá pa á. Afẹ́fẹ́ tí ó há sínú sìlíńdà máa ń mú kí ó dúró sí ọ̀kan nínú ibi méjì tí ó dojú kọ ara wọn. Nítorí náà, ibi méjì yẹn ni sítátà ń bù jẹ láti ọdún dé ọdún, ibẹ̀ náà ni eyín sì ti ń kọ́kọ́ tán. Bí ọkọ̀ yín bá ń ké lónìí tí kò ké lọ́la, ẹ dán èyí wò bí ó bá jẹ́ onígíà ọwọ́: ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi sí gíà kẹrin, kí ènìyàn méjì ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ ní ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì lè yí kúrò níbi tí ó wà. Ẹ dá gíà padà sí ọ̀fẹ́, ẹ sì ṣáná. Bí ariwo bá lọ, tí ó sì tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn, eyín flywheel ni kí ẹ fura sí. Nínú ọkọ̀ onígíà ọwọ́, wọ́n sábà máa ń lè fi iná gbóná yọ òrùka eyín náà kí wọ́n sì fi òmíràn sí i láì ra gbogbo flywheel. Ti onígíà aládàáṣe yàtọ̀, nítorí pé eyín rẹ̀ sábà máa ń wà lára àwo irin kan tí a ń pààrọ̀ lódindi.

Bí ó bá ń sunkún tééré nígbà tí ó ń yí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́, kí ó tó gbá, àlàfo àárín eyín méjèèjì ti lè pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbá, tí ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ni ó ń sunkún tééré, àlàfo náà ti lè kéré jù. Chevrolet àti àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan ní irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sábẹ́ sítátà láti tún àlàfo yìí ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan àti ti ilẹ̀ Yúróòpù tí àwa ń lò kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ki wáṣà sábẹ́ sítátà Toyota yín, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ ọ.

Bí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ tí sítátà ṣì ń han lọ, ẹ má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pa ọkọ̀, bí kò bá dákẹ́, ẹ yọ orí bátìrì. Solenoid ti lè lẹ̀ pọ̀, tàbí kí ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ má padà sílé, tàbí kí Bendix má tú. Ẹ́ńjìnì yóò máa gbé sítátà sáré ju agbára rẹ̀ lọ títí yóò fi jóná.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohùn tuntun ni àìsàn. Àwọn sítátà àtijọ́ kan máa ń yí tààrà, ohùn wọn sì máa ń wúwo. Èyí tí ó ní gíà mìíràn nínú ara rẹ̀ kéré, ó sì fúyẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi irú èyí rọ́pò irú tọ̀hún, ọkọ̀ yóò yí ohùn padà. Bí ohùn náà bá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò ní gbígbó irin nínú, tí ó sì dákẹ́ ní kété tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ fi ọkàn balẹ̀.

BÍ Ẹ BÁ DÉ LÁDÍPỌ̀

Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, ní ọ̀nà Mushin, lẹ́bàá òpópónà tí ó ti Oṣòdì lọ sí Àpápá. Ọjà ńlá ni, ohun gidi wà níbẹ̀, ayédèrú náà sì wà níbẹ̀. Ẹ má fi ẹnu nìkan rà á. Ẹ gbé sítátà àtijọ́ yín dání. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ka eyín gíà kékeré lára méjèèjì. Ẹ wo bí imú wọn ṣe gùn tó, bí ihò bóòtù wọn ṣe jìnnà síra tó, àti ọwọ́ tí wọ́n ń yí sí.

Kí ẹ má baà rò pé mò ń ṣe àṣejù, ẹ gbọ́ ti Volkswagen Ìjàpá, tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ nílé iṣẹ́ Volkswagen ní ọ̀nà Badagry ní ọdún 1975. Ìjàpá àtijọ́ tí ó ń lo bátìrì fóòtì 6 ní eyín 109 lára flywheel. Èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń lo fóòtì 12, ní 130. Bí ẹ bá wo sítátà wọn láti òkèèrè, ẹ ó ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni. Bí ẹ bá de ọ̀kan mọ́ èkejì, eyín kò ní bá eyín mu, wọn yóò sì máa jẹ ara wọn. Ìjàpá tún ní bushing kékeré kan tí ó di imú sítátà mú, inú ilé gíábọ́ọ̀sì ni ó sì wà, kì í bá sítátà jáde. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ sítátà tí kò wo bushing náà, imú sítátà tuntun yóò máa jó nínú ihò àtijọ́. Àwọn bọ́ọ̀sì Volkswagen tí ẹ́ńjìnì wọn wà lẹ́yìn, tí a fi ṣe danfo, ní irú rẹ̀ nínú àwọn tí ó pẹ́ jù.

Bí ẹni tí ń tà á bá fi bátìrì dán an wò lójú yín, ó dára, Bendix gbọ́dọ̀ fò jáde kí ó sì yí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kò gbé ẹrù kankan nígbà náà. Sítátà tí ó yí lórí tábìlì lè máà lè yí ẹ́ńjìnì. Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sí i. Sítátà àtijọ́ yín, ẹ má fi sílẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó lè jẹ́ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ nìkan ni ó tán, tí owó péréte ì bá tún ṣe.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ÀWỌN TÍ YÓÒ WỌ ABẸ́ ỌKỌ̀

Ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì onígà aláìníná, ìyẹn èyí tí a kọ àmì ìyọkúrò sí. Wáyà ńlá tí ó lọ sí sítátà wá tààrà láti inú bátìrì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò sì ní fíúsì. Bí sìpánà bá so ó mọ́ ara ọkọ̀, yóò tan iná, ó sì lè jó yín lọ́wọ́. Ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ má sì sùn sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Bí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi dáadáa kí ẹ tó tún yí i, nítorí pé sítátà máa ń gbóná kíákíá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àdúgbò tí omi òjò máa ń kún kọjá, ẹ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sítátà kò jìnnà sílẹ̀. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò mú kí Bendix dípẹtà, kí ó sì máa lọ́ra láti padà sílé. Òróró ẹ́ńjìnì tí ó ń jò sí i lára kò dára bákan náà. Bí ẹ bá pààrọ̀ sítátà láì dí ibi tí òróró ti ń jò, ìkejì yóò kú irú ikú ìkíní.

ÀBÁ MI FÚN ÌPÀDÉ

Mo fẹ́ gbé àbá kan ka iwájú ìpàdé wa tí ó ń bọ̀. Nínú ìwé ẹ̀yáwó pàjáwìrì, níbi tí a ti ń kọ ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe, kí a fi ìlà mẹ́ta kún un fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ìkíní, kí ni ọkọ̀ náà ń ṣe, ìgbà wo ni ó sì ń ṣe é? Ìkejì, ta ni ó wò ó, kí ni ó sì rí? Ìkẹta, ṣé wọ́n ti pààrọ̀ ohun kan náà rí láàárín ọdún kan? Kì í ṣe láti ni ọmọ ẹgbẹ́ lára. Owó tí a ń yá ara wa, owó àjẹṣẹ́kù wa ni. Ẹni tí ó yá a lẹ́ẹ̀mejì fún àìsàn kan náà yóò san án lẹ́ẹ̀mejì, àwọn onídùúró rẹ̀ náà kò sì ní lè sùn.

N kò bú àwọn mekáníìkì. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ wọn pọ̀ láàárín wa, àwọn kan tilẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ kì í gbé inú ọkọ̀ wa. Àwa ni ọkọ̀ ń ké sí létí ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Bí a kò bá lè sọ ìgbà tí ó ké fún oníṣẹ́, àfọ̀ṣẹ ni a ní kí ó wá ṣe.

Ìyá wa ti Aswani ti san ẹ̀yáwó rẹ̀ kìn-ín-ní tán, ó ku díẹ̀ nínú ìkejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù ní kùtùkùtù, n kò tíì jáde nílé. Ó ní, "Akọ̀wé, ọkọ̀ tún ké o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà tí a yí i, ìgbà tí a fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ni." Mo ní, "Màmá, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún rìwáyà." Wọ́n rí i pé Bendix ni kò tètè padà sílé, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi gíríìsì díẹ̀ sí ibi tí ó yẹ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wà ní ọjà. Kò yá owó kankan.

 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ yín